Mo Fi Eyín Mi Jẹ Agbádá Oníbàárà, Mo Ní Eku Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tún tì mí. Mujeebat ni orúkọ mi, ọmọ Bẹyẹrúnkà ni mí, mo sì ti fi eyín ara mi jẹ agbádá rí. Ebi kọ́ ló ń pa mí. Ọ̀sán gangan ni mo jẹ ẹ́, orí mi pé, nígbà tó sì máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti fẹ́ lé ìyá àgbà kan jáde ní ṣọ́ọ̀bù nítorí rẹ̀.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ lè bú mi dáadáa.

Ilé-iṣẹ́ alágbàfọ̀ kan ní Bẹẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àkíbù ló ń fọ aṣọ, Ìkẹ́olúwa ló ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà níwájú, èmi ni mo ń lọ aṣọ.

Máníjà tí mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Gabriel. Ariwo ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí bọ́tìnnì kan bá já, yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ. Bí o bá ní ìwọ kọ́, yóò yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń jẹ́wọ́ nǹkan kan. Àkíbù fọ aṣọ pupa kan títí ó fi di aṣọ olómi ọsàn, ó sì búra fún ẹni tó ni ín pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e wá. Obìnrin yẹn gbà á gbọ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gabriel lọ, Àǹtí Bùnmi dé. Obìnrin Aládùúrà ni wọ́n, wọ́n máa tó ẹni àádọ́ta ọdún, ohùn wọn kì í sì í ròkè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọn, wọ́n pè wá jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n wí, "a óò ba aṣọ jẹ́. Kò sí alágbàfọ̀ tí kì í ba aṣọ jẹ́. Ẹ ṣáà ti tètè máa wá sọ fún mi kí oníaṣọ tó dé. Èmi ni n óò bá wọn sọ ọ́. Mi ò ní yọ kọ́bọ̀ lówó ẹnikẹ́ni."

Àkíbù wò mí, mo wo Àkíbù. A rò pé ẹ̀tàn ni.

Kì í ṣe ẹ̀tàn. Lọ́sẹ̀ kejì, Àkíbù da bílíìṣì sára ṣòkòtò dúdú kan. Ó lọ sí ọ́fíìsì Àǹtí Bùnmi bí ẹni tó ń lọ gba ẹgba. Nígbà tó jáde, ó mú gálà lọ́wọ́.

"Wọ́n bínú?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun láàárọ̀," ni Àkíbù dáhùn. Ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Láti ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù wa yí padà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a ó sọ. Bí Ìkẹ́olúwa bá gbé aṣọ fún ẹni tí kò ni ín, á ké jáde. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi jẹ́ olóòótọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti sùn láìro ohun tí èèyàn máa sọ lọ́la.

Èmi ni mo wá bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ajé kan, Àǹtí Bùnmi gbé fọ́tò mi kọ́ sára ògiri níwájú, níbi tí gbogbo oníbàárà ti máa rí i. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mujeebat, òṣìṣẹ́ wa tó pegedé jù lọ. Kò jó aṣọ rí." Mo rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà débi pé gbogbo èjí mi hàn. Èjí mi fẹ̀. Ìyá mi ní irú rẹ̀ ló mú kí bàbá mi máa tẹ̀lé òun kiri.

Ọjọ́ kẹta, ìyẹn ọjọ́rú, ni mo jó agbádá Alhaji Jubril.

Agbádá gíníì funfun ni. Alhaji Jubril, àgbà ọkùnrin kan ní Oníyanrìn, ló máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti fi sítáàṣì sí i dáadáa, ó le gbagidi. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀yìn rẹ̀, ni fóònù mi bá dún. Muhydeen ni, ẹni tí mo ń fẹ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́.

"Mujee mi," ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀, "mo ti ro ọ̀rọ̀ wa dáadáa. Mo fẹ́ wá rí àwọn òbí rẹ. Ọkàn mi ń jó."

Mo dijú kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Òórùn kan gba imú mi. Mo ro ó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọkàn Muhydeen kọ́ ló ń jó.

Nígbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò, àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lẹ́yìn agbádá gedegbe, ṣóńṣó rẹ̀ níwájú, ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Bí Alhaji bá wọ̀ ọ́ dúró ní sàfù iwájú nígbà ìrun, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ni yóò máa wo áyọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò kọ́kọ́ gbèrò irọ́. Mo gbé agbádá náà, mo gba ọ́fíìsì Àǹtí Bùnmi lọ. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ti nawọ́ kí n kanlẹ̀kùn. Wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ilé.

"Mo ní ọmọbìnrin kan níbí," ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ, "kò jó aṣọ rí! Ká ní mo ní irú rẹ̀ méjì..."

Mo yí padà.

Ká ní Ọ̀gbẹ́ni Gabriel ló wà nínú ọ́fíìsì yẹn, owó oṣù mi nìkan ni ǹ bá bẹ̀rù fún. Ti Àǹtí Bùnmi yàtọ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni mi ò fẹ́ kó yí padà. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀, mo wá mú sìsọ́ọ̀sì.

Mo gé ibi tó jóná kúrò yípo. Ihò náà wá rí roboto, ó mọ́ létí jù. Kò jọ nǹkan kan àfi iṣẹ́ sìsọ́ọ̀sì. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo wá tẹrí ba, mo fi eyín mi jẹ etí ihò náà yíká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jẹ àgbàdo sísun. Sítáàṣì kún ẹnu mi. Mo tutọ́, mo tún jẹ ẹ́.

Eku ò lè jẹun kó má ṣu. Mo yọ́ lọ sí ìdí kúlà oúnjẹ ọ̀sán mi, mo họ ìrẹsì tó jóná nísàlẹ̀ rẹ̀, mo fọ́n ọn ká sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni mo figbe ta.

"Eku o! Yéè! Eku ti jẹ agbádá Alhaji!"

Gbogbo wọn sáré dé. Àkíbù bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú ìgbẹ́ eku náà, ó gbé e símú.

"Mujee," ó ní, "ìgbẹ́ eku yìí ń ta sánsán o."

"Fi sílẹ̀!" ni mo wí.

Àǹtí Bùnmi kò wo pẹpẹ. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí i pé mò ń gbọ̀n, wọ́n sì gbá mi mọ́ra.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ṣé kò bù ọ́ jẹ?"

Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ǹ bá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo kàn mi orí.

Ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí Oníyanrìn, wọ́n kúnlẹ̀ bẹ Alhaji Jubril, wọ́n sì ra gíníì mìíràn fún wọn. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ dé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àárín eku ni àwọn ọmọ àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ra tàkúté. Wọ́n ra gọ́ọ̀mù eku. Gọ́ọ̀mù náà mú sílípáàsì Àkíbù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún mú ológbò kan wá láti Òjé. Ológbò náà wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó gun orí káfítáànì kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó sùn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àkíbù ló gbé e dìde.

Ìbọ̀sẹ̀ kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, á lọ sọ fún Àǹtí Bùnmi pé ó sọnù. Lọ́jọ́ yẹn, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ké sí wọn.

"Mà, eku yẹn tún ti dé o! Ó gbé ìbọ̀sẹ̀!"

"Ẹyọ kan?" ni Àǹtí Bùnmi bi í.

"Ẹyọ kan, mà. Ó ṣẹ́ èkejì kù."

Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ìkẹ́olúwa náà gbọ́ bí ọ̀nà ṣe là. Ó gbàgbé láti fi nọ́ńbà sára àpò aṣọ kan. Eku ló jẹ nọ́ńbà náà. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Eku ló jẹ wáyà ọ̀kadà tó yẹ kó gbé e. Ọṣẹ tó yẹ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì tán ní ọjọ́ márùn-ún. Eku náà mọ́tótó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, eku mi ti gbé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì odidi, ó ti tú síìpù, ó ti da aró sára búláòsì funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Àǹtí Bùnmi ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Wọn ò fura sí wa rárá. Ọ̀rọ̀ wa ló ń ṣe wọ́n láàánú. Nígbà tí ìwé náà ti ń kún, wọ́n pè wá.

"Mo ti rí ibi tí eku yìí ti ń wá," ni wọ́n wí. "Gàrí ni. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Èjìdé."



Ìyá Èjìdé ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí wa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ta gàrí níbẹ̀. Wọ́n máa ń jọ gàrí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á bò ó, wọ́n á tún fi ọ̀rá bo ohun tí wọ́n fi bò ó. Bí mo bá kọjá lọ́sàn-án, wọ́n á ní, "Mujee, gbà, fi panu," wọ́n á bu gàrí sí mi lọ́wọ́. N kò sanwó rí.

Àǹtí Bùnmi sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá lándíláàdì ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní kí bàbá kàn bá ìyá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún ibi ìkẹ́rùsí wọn ṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó fẹ́ ṣí ibi tó ti máa ta fóònù ti ń yọ bàbá lándíláàdì lẹ́nu tipẹ́. Àyè ni bàbá ń wá. Wọ́n fún Ìyá Èjìdé ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ní Bẹẹrẹ. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé Ọjà'ba, ó ti gun òkè Màpó, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń pe Ìyá Èjìdé ní "Ìyá Eku". Àwọn tó máa ń ra gàrí níbẹ̀ láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀, Ìyá Èjìdé pè mí. Wọn ò bu gàrí fún mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

"Mujee, ìwọ kì í purọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Ṣé ìwọ fúnra rẹ rí eku yìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, àyè nìyẹn. Àwa méjì péré ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

"Mo rí i, mà," ni mo wí. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, mo tún fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ó tó báyìí."

Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n mi orí. "Ó tóbi," ni wọ́n wí. "Nígbà náà, ojú mi ti ń fọ́ nìyẹn, tí mi ò fi rí i." Wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì kórìíra ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àárọ̀ Sátidé ni bàbá lándíláàdì wá parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, Àǹtí Bùnmi ní ọ̀tún, Ìyá Èjìdé ní òsì, àwọn aládùúgbò yí wa ká. Àpò gàrí mẹ́rin ti wà níta, wọ́n ti fi okùn so wọ́n lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n Ìyá Èjìdé kò dá wá. Wọ́n mú Abdulmajeed lẹ́yìn, ẹni tó ń ta òògùn eku ní Ọjà'ba. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gbé gbohùngbohùn kọ́rùn, tó máa ń so òkú eku gbígbẹ jọ sórí igi kan bí ẹni fẹ́ ta á.

"Bàbá," ni Ìyá Èjìdé wí, "bí mo bá máa lọ, n óò lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹni tó mọ eku bá wa wo iṣẹ́ eku náà."

Àǹtí Bùnmi gbé agbádá Alhaji jáde. Abdulmajeed gbé igi eku rẹ̀ ti ògiri, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba agbádá, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó fi ìka yí etí ihò náà ká. Ó gbóòórùn rẹ̀. Dókítà tó yẹ ìyá mi wò kò fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Eku kọ́," ó ní.

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni bàbá lándíláàdì bi í.

"Bàbá, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá eku ṣe. Eyín eku kéré, á rún aṣọ wẹ́wẹ́. Ẹ wo èyí. Sítáàṣì wà lára aṣọ, ó le, ó gba àmì. Eyín fífẹ̀ ni. Ẹnu èèyàn ló jẹ ẹ́." Ó tún gbé e sún mọ́ ojú. "Ẹni náà sì ní èjí."

Mo pa ẹnu mi dé.

Abdulmajeed gbé ojú sókè. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ṣí sílẹ̀ gbayawu, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sára ògiri.

"Ta ni ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn?" ó bèèrè.

Gbogbo orí yí sí fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà, gbogbo orí yí sí mi. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Mujee, la ẹnu ká rí i." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ sẹ́ o, mi ò ní tàn yín. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ, pé èjí pọ̀ nílùú.

Àǹtí Bùnmi ló dìde.

"Abdulmajeed, má ṣe bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ kí ohùn wọn ròkè. "Bí ẹnikẹ́ni bá lè purọ́ fún mi, kì í ṣe ọmọ yìí. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ní wá sọ fún mi. Ó mọ̀ pé mi ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìkẹ́olúwa, lọ bá mi gbé Bíbélì mi wá lórí tábìlì. Mo máa búra fún un."

Ìkẹ́olúwa kò mira. Wọ́n yí padà láti lọ gbé e fúnra wọn.

"Ẹ má gbé e, mà," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má búra. Èmi ni eku náà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: áyọ́ọ̀nù, Muhydeen, sìsọ́ọ̀sì, eyín, ìrẹsì. Nígbà tí mo dé ibi ìrẹsì, Àkíbù kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mo sọ! Mo ní ó ń ta sánsán!" Ó wá rántí ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Mà, èmi náà ni eku tó gbé ìbọ̀sẹ̀. Èmi náà ni mo da aró."

"Èmi ni mo jẹ nọ́ńbà," ni Ìkẹ́olúwa wí, ó ń sunkún. "Èmi náà ni mo gbé ọṣẹ lọ sílé."

Bàbá lándíláàdì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Subhanallahi," ni wọ́n wí. "Eku mélòó gan-an ni mo gbà sílé?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Abdulmajeed rẹ́rìn-ín títí tí igi eku rẹ̀ fi ṣubú. Àwọn méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín: Ìyá Èjìdé àti Àǹtí Bùnmi.

Mo rò pé mo mọ ohun tó kàn. Mo ti ń ronú ibi tí n óò ti wáṣẹ́. Àǹtí Bùnmi kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Wọ́n rìn lọ síwájú Ìyá Èjìdé, wọ́n kúnlẹ̀ sínú eruku, níwájú gbogbo Bẹẹrẹ.

"Mà, èmi ni mo gbé orúkọ yín lọ fún bàbá láì kọ́kọ́ wá bi yín léèrè," ni wọ́n wí. "Ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

Wọn ò pe orúkọ mi. Wọn ò ní àwọn ọmọ yìí ló fà á. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá lándíláàdì ní kí Ìyá Èjìdé gbé gàrí wọn padà sínú ilé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ, pẹ̀lú gbogbo ojú tó wà níbẹ̀?

Nínú ọ́fíìsì, Àǹtí Bùnmi ní kí n jókòó.

"Mo rò pé o mọ̀ pé o lè wá sọ fún mi," ni wọ́n wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ ti yìn mí, mà. Ẹ ti gbé fọ́tò mi kọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò tó bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà ṣe àṣìṣe," ni wọ́n wí. "Mo yìn ọ́ torí pé o kò jó aṣọ rí. Ó yẹ kí n dúró dìgbà tó o bá jó o, kí n tó mọ̀ bóyá kí n yìn ọ́."

Wọn ò lé mi. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí kálukú lọ bá àwọn oníaṣọ tí ó fi eku tàn. Nígbà tí mo délé Alhaji Jubril ní Oníyanrìn tí mo sì rò ó tán, inú wọn bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí agbádá.

"Mo ti sọ fún gbogbo mọ́sálásí pé eku Bẹẹrẹ mọ aṣọ tó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n wá lọ sọ fún wọn pé ọmọbìnrin kan ló jẹ ẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn.

Ìyá Èjìdé ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo bẹ̀, mo bẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"O bẹ̀ mí nínú ṣọ́ọ̀bù mi," ni wọ́n wí. "Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti pè mí ní Ìyá Eku?"

Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ọjọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ, ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn, mo ń lọ sí ọ̀nà Màpó. Àǹtí Bùnmi tẹ̀lé mi. "Mi ò ní bá ọ sọ ọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n o ò ní dá rìn." Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi á wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Irọ́ ni mo pa mọ́ Ìyá Èjìdé. Kò sí eku. Èmi ni mo jẹ aṣọ."

Atúnfóònùṣe kan ní àfi kí òun rí eyín náà kí òun tó gbà. Ìyá aláṣọ kan kọ̀ jálẹ̀: "Eku lẹ sọ fún mi, eku ni mo gbà. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi pé ó tó ewúrẹ́." Níbòmíràn, wọ́n ní kí n tún un sọ nítorí pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹtàdínlógún, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo jókòó sí etí gọ́tà, mo ní mi ò lè ṣe mọ́. Àǹtí Bùnmi jókòó tì mí. Wọn ò sọ pé kí n dìde. Nígbà tó yá, mo dìde.

Iṣẹ́ wa ti padà sípò báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìkẹ́olúwa da kọfí sórí aṣọ ìgbéyàwó kan, ariwo tó pa kí kọfí náà tó kán tán, wọ́n gbọ́ ọ ní Màpó. Àǹtí Bùnmi jáde, wọ́n bi í bóyá kò jó o lára. Ológbò ti padà sí Òjé.

Ìyá Èjìdé ti ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Ṣùgbọ́n gàrí àfipanu ò tíì wá. Ní ọjọ́ tí mo lọ jíṣẹ́ fún wọn pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́, wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ìyá Yemẹtù ńkọ́?"

Obìnrin kan ni, ó ń se oúnjẹ tà nítòsí ilé ìwòsàn àwọn aláboyún. Àpò gàrí méjì ló ń rà lóṣù, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ eku, kò sì wá mọ́. Ìyá Èjìdé ò mọ ilé rẹ̀. Mo ti lọ sí Yemẹtù lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá a, mi ò rí i. Wọ́n ní ó ti kó kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ àti irọ́ rẹ," ni Ìyá Èjìdé wí. "Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹsẹ̀ rẹ ò lè dé."

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí nìyẹn. Mo rò pé ìwé lè dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé.

Ìyá Yemẹtù, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ka èyí, tàbí tí ẹnì kan ń kà á fún yín: èmi Mujeebat ni mo purọ́. Gàrí Ìyá Èjìdé mọ́. Ẹ dákun, ẹ padà wá. Àpò yín méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ lókè pẹpẹ, ìyá ò tà wọ́n fún ẹlòmíràn.